Làpálàpá Igi Tí A Wá Dé Ìsundúnrin

Ẹ̀yin ará Ìtòkò, mo ti dé. Ẹni tó ń sọ káàkiri pé mo bá òyìnbó lọ jayé ní Ẹ̀jìgbò, kó wá wo orúnkún mi kó tó sọ òmíràn. Kò sí òkúta tí n kò gùn, kò sí igi tí n kò na ọrùn wò ní gbogbo agbègbè yẹn. Wọ́n ní ìròyìn ò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ò ní ráyè débẹ̀, ẹ jókòó kí n ròyìn fún yín. Kí ẹ tó béèrè, rárá, n ò mú nǹkan kan bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òkúta àti èèpo igi la kó bọ̀, Mísísì ló sì ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ iṣẹ́ mi. Alágbàfọ̀ ni mí. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń fọ aṣọ òyìnbó, tí mo ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́. Bí mo bá rí ìdọ̀tí, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Mísísì fi kọ́kọ́ rú mi lójú.

Mísísì yìí ni àgbà obìnrin òyìnbó tí mo ń fọṣọ fún ní Ìbàrà. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ lọ sí Ẹ̀jìgbò, kí n bá òun lọ, kí n máa ṣe ògbufọ̀, kí n sì máa bá òun dáná. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá mi wí pé àgbà ni, mo sì ń pè é ní "ó". Bí mo bá ń ní "wọ́n, wọ́n", ẹ ó rò pé òyìnbó mẹ́wàá ni mo tẹ̀ lé.) Mo bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Ó mú mi lọ sídìí máńgòrò ẹ̀yìn ilé, ó nàka sí èèpo rẹ̀. Gbogbo yín lẹ mọ nǹkan yẹn, ẹ ò kàn kà á sí ni. Á rí roboto, á funfun tàbí kó rí bí eérú, á lẹ̀ mọ́ ara igi pẹ́tí bí ìgbà tí làpálàpá mú orí ọmọ iléèwé.

Mo ní, "Làpálàpá igi lẹ fẹ́ tìtorí ẹ̀ rìnrìn àjò, Mà?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní Abẹ́òkúta la wà yìí, abẹ́ òkúta la ń gbé, kó ha èyí tó bá wù ú kó tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì, ló bá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi.

Nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, apá Ẹ̀jìgbò ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Lórí òkúta kan nítòsí Ìsundúnrin, ó rí ọ̀kan tó pọ́n bí èso ìyeyè, tó ní àmì dúdú tótòtó lára. Ó ha á, ó sá a gbẹ, ó fi í ránṣẹ́ sí ilé ńlá kan lókè òkun níbi tí wọ́n ti ń kó ewé gbígbẹ gbogbo ayé pamọ́. Wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó rí ewé àti ìlú tó ti rí i sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà ogun, iná jó apá kan ilé náà, tirẹ̀ bá a lọ. Ní báyìí àwọn ọ̀mọ̀wé tó wà níbẹ̀ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò lè hù nílẹ̀ wa, pé ó ní láti jẹ́ ibòmíràn ló ti rí i, wọ́n sì fẹ́ pa orúkọ rẹ̀ àti ti Ẹ̀jìgbò rẹ́ nínú ìwé. Ara rẹ̀ ti ń dara àgbà, ó fẹ́ wọkọ̀ padà sílé láìpẹ́, kò sì ní padà wá mọ́.

Ó ní, "Bí n kò bá rí òmíràn, òpùrọ́ ni wọn yóò máa pè mí títí n ó fi kú."

Èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Aṣọ tó dọ̀tí, ọṣẹ wà fún un. Orúkọ tó dọ̀tí ńkọ́? Mo lọ di ẹrù mi.

Ẹ̀jìgbò

N ò ní sọ ti ọ̀nà fún yín. Kí ẹ sáà mọ̀ pé gèlè tí mo fi sítáṣì sí, tó dúró gbọnrangandan nígbà tí a kúrò nílé, àkísà ìnulẹ̀ ló dà kí a tó wọ ìlú. Obìnrin tó kọ́kọ́ rí wa lẹ́nu bodè wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ kú eruku o, ìyá." Kò fi mí ṣẹ̀sín, ó kàn bu omi fún mi kí n fi bọ́jú. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àwọn èèyàn yẹn ò ní ṣòro ó bá gbé.

Ilé Bàbá Súlè ni wọ́n fi wá wọ̀ sí. Mùsùlùmí àgbàlagbà kan ni, tó ti ṣòwò pẹ́ ní Àbíjàn kó tó padà sílé. Ní Ẹ̀jìgbò, bí o ò bá tíì dé Àbíjàn, wọn ò tíì kà ọ́ mọ́ àgbà. Bàbá Súlè wọ agbádá, ó jáde sí wa, ó tẹrí ba fún Mísísì.

"Bọ́njúù, Màdáàmù. Sàfáà?"

Mísísì wo ẹnu rẹ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì kí i pé ẹ káàárọ̀. Bàbá Súlè mirí, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Ẹ̀gbá, ṣé ó dá yín lójú pé òyìnbó gidi lẹ mú wá yìí?"

Mo ní kí ló dé.

"Mo fèdè òyìnbó kí wọn, wọn ò gbọ́."

Mo ní òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni, Faransé tí wọ́n ń sọ ní Àbíjàn yàtọ̀ sí tiwọn. Ó ní bóo la ó ti bí èèyàn lóyìnbó tí kò ní gbọ́ èdè òyìnbó, àfi tí wọn ò bá tètè fi í síléèwé. Láti ọjọ́ náà ni àánú Mísísì ti ń ṣe é. Àràárọ̀ ló ń jókòó tì í, tó ń kọ́ ọ ní "Bọ́njúù" díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ayékòótọ́. Lọ́jọ́ tí Mísísì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn pé "Bọ́njúù, Bàbá", ó yíjú sí mi, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ẹ ò ri? Orí wọn ò kúkú kú."

Oúnjẹ wọn, iyán ni. Láàárọ̀ iyán, lálẹ́ iyán. Bí odó ilé kan bá dákẹ́, tilé kejì á bẹ̀rẹ̀. Èmi ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ mọ̀ pé láfún ni mo mọ̀ jẹ. Nígbà tó dọjọ́ kẹta, mo yọ́ lọ bá ìyàwó Bàbá Súlè, mo ní kó jọ̀wọ́ wá láfún díẹ̀ fún mi. Ó gbọ́wọ́ lé mi níwájú orí. Ó ní, "Ṣé ara yín ò yá ni, Mà?" Ó ní ṣebí iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo agboolé ti gbọ́ pé Ìyá Ẹ̀gbá ń ṣàìsàn, wọ́n sì ń wá kí mi ní méjì-méjì.

Ti Mísísì burú ju tèmi lọ. Iyán tí à ń gbé mì, ó ń rún un lẹ́nu. Gbogbo ilé dúró, wọ́n ń wo àgbọ̀n rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò. Bàbá Súlè ò lè wò ó mọ́, ó dìde lọ kírun.

Màsífà

Màsífà la kọ́kọ́ lọ. Bàbá Súlè tẹ̀ lé wa, kí ará oko má baà fojú di àlejò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mísísì á dúró nídìí igi, á yọ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, á fi sójú, á fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ imú mọ́gi. Á fajú ro. Á fi ọ̀bẹ há díẹ̀, á kó o sínú àpò ìwé. Lẹ́yìn náà á ní kí n béèrè: kí lorúkọ ìlú yìí, igi kí nìyí, ta ló nigi? Á kọ gbogbo rẹ̀ sára àpò náà.

A dé ìdí ọsàn kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Làpálàpá ibẹ̀ pọ̀, funfun, eléérú, aláwọ̀ ewé, inú Mísísì ń dùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ìyeyè ò sí níbẹ̀. Mo béèrè pé ta ló nigi. Ìyá kan jáde, ó gbá Bíbélì mọ́ àyà, ó kúnlẹ̀ fún mi.

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, Mà. Ara igi wa kọ́ ni àrùn yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Igi aládùúgbò wa ló kó o ràn án."

Aládùúgbò rẹ̀ wà ní ìtòsí, òun náà ní irọ́ ni, ara igi ìyá yìí ni tòun ti kó o. Kí n tó parí ìjà yẹn, obìnrin kan ti gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ níwájú Mísísì. Làpálàpá gidi ló wà lórókè ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kó bá òun ha á. Mísísì fi awò wò ó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní kì í ṣe irú èyí tí òun ń kó.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, Bàbá Súlè sún mọ́ mi. Ó bi mí.

"Ìyá Ẹ̀gbá, kí ni wọ́n ń kọ sára ìwé yẹn?"

"Orúkọ ìlú, pẹ̀lú ẹni tó nigi."

"Níbo ni wọ́n ń gbé e lọ?"

"Òkè òkun. Ibẹ̀ ni yóò wà títí ayé."

Ó tẹsẹ̀ mọ́rìn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní ó ti gun kẹ̀kẹ́ jáde, pé ó ní iṣẹ́ kan tó fẹ́ jẹ́ ní ìlú Ara àti Ìsundúnrin. Mo rò pé ọjà ló lọ ná.

Ara

Ẹ̀yin tí ẹ ń pera yín ní onímọ̀ọ́tótó n'Ítòkò, ẹ ò tíì rí nǹkan. Nígbà tí a wọ ìlú Ara, mo dúró lójú ọ̀nà, mo nu ojú mi. Wọ́n ti fọ igi. N ò ní wọ́n gbálẹ̀ ìdí igi. Igi fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀, láti ìdí títí dé ibi tí ọwọ́ ọkùnrin gíga mọ, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Wọ́n fi ẹfun kun ẹsẹ̀ igi obì. Òkúta tí àwọn àgbà ń jókòó lé ń dán bí abọ́ tánganran. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo fọwọ́ pa igi kan, mo gbóòórùn rẹ̀, mo ní ẹni tó fọ èyí mọṣẹ́.

Àwọn àgbà to lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń kí wa. Èyí tó ṣíwájú wọn ní kí n bá àwọn sọ fún Mísísì pé ìlú àwọn ò ní àrùn kankan, pé kó wo ibi tó bá wù ú.

Mísísì yí ìlú ká. Kò rí nǹkan kan ha. Ó fi awò wo ìdí igi, ọṣẹ ló rí. Ó wá bi mí bóyá àṣà wọn ni láti máa wẹ igi. Mo bi àwọn àgbà. Wọ́n wo ara wọn. Ẹni tó ṣíwájú ní bẹ́ẹ̀ ni, láti ayé àwọn baba ńlá àwọn ni. Àwọn tó kù ní hẹn-ẹ̀n-hẹ́n-ẹn.

Ni Mísísì bá jókòó, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Ara a máa wẹ igi wọn. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ fún yín lókè òkun, ẹ má gbàgbọ́.

Ìsundúnrin

Nígbà tí ọkàn Mísísì balẹ̀ jù ni a ń lọ sí Ìsundúnrin. Ó ní òkúta tòun ṣì wà lójú òun, pé lọ́wọ́ ọ̀tún ọ̀nà ló wà, ó tóbi tó ilé. Ó ń yára níwájú mi bí ọmọge. Nígbà tí a kù díẹ̀ ká débẹ̀, mo gbọ́ orin. Ohùn obìnrin ni. "Ẹ fọ̀ ọ́ kó mọ́ o, àlejò ń bọ̀."

 Mo mọ orin aṣọ fífọ̀ bí mo bá gbọ́ ọ.

Àwọn obìnrin ìlú wà lórí òkúta, wọ́n káṣọ dé orúnkún, kànìnkànìn lọ́wọ́ kálukú, ọṣẹ ń ṣàn sílẹ̀ bí odò. Bàbá Súlè ló dúró lókè pátápátá, ó ká ọwọ́ agbádá, ó ń nàka sí ibi tí wọ́n fò. Nígbà tó rí wa, ojú rẹ̀ là.

"Pírọ́pù, Màdáàmù! Pírọ́pù!"

Ó ní ohun tí wọ́n ń pe ìmọ́tótó ní Àbíjàn nìyẹn.  Mísísì rọra rìn yí òkúta náà ká, ó fọwọ́ pa á, ó wo ọwọ́ rẹ̀, foomu ọṣẹ ló wà níbẹ̀. Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

Àwọn obìnrin dáwọ́ dúró. Ọ̀kan nínú wọn rọra ki kànìnkànìn rẹ̀ bọmi, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha òkúta. Ó rò pé kò tíì mọ́ tó ni.

Ìbínú gbé mi. Mo gun òkúta yẹn tèmi ti bàtà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ ṣubú, mo ní kí gbogbo wọn fi kànìnkànìn sílẹ̀. Mo ní èyí tí ẹ fọ̀ dànù yẹn ni obìnrin yìí ń wá. Mo ní kò sí ẹjọ́, kò sí ìtanràn, kò sí wolé-wolé. Mo ṣàlàyé ilé ewé gbígbẹ, iná, àwọn tó ń pè é ní òpùrọ́. Mo ní nǹkan yìí a máa pẹ́ kó tó hù, ọmọ tí wọ́n bá bí lónìí lè lọ́kọ kó tó tún tóbi tó àtẹ́lẹwọ́.

Bàbá Súlè sọ̀kalẹ̀.  "Ìdọ̀tí ni wọ́n ń wá? Wọ́n gba orí òkun kọjá, ìdọ̀tí ni wọ́n ń wá?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ní Àbíjàn, bí òyìnbó bá ti wo ibi tó dọ̀tí, tó kọ orúkọ ẹni, onítọ̀hún wọ gàù nìyẹn. Mo ní kí n gba àwọn èèyàn mi là ni." Ó dọ̀bálẹ̀ fún Mísísì pẹ̀lú agbádá funfun nínú omi ọṣẹ. "Màdáàmù, padọ̀ọ́n. Padọ̀ọ́n." Ó ń tọrọ àforíjì. Mísísì fà á dìde, òun náà ń sunkún. Mo ti ń wá ibi tí n ó ti sun tèmi.

Báálẹ̀ ìlú náà, tó wà láàárín èrò, bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ibi tí ó kù. Wọ́n dárúkọ odò, wọ́n ti fọ àwọn òkúta rẹ̀. Wọ́n dárúkọ ọgbà obì, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ìyá arúgbó kan tó fẹ̀yìn ti igi ló wá ní, "Ẹ mú wọn lọ sílé Làmídì kẹ̀."

 Mo rí i pé gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Mo ní ta ni Làmídì. Báálẹ̀ wúkọ́. Ó ní àbúrò òun ni, pé ara rẹ̀ ò yá. Ẹlòmíràn ní rárá, ejò ló wà lọ́nà ibẹ̀. Ẹlòmíràn ní oyin. Ìyá arúgbó náà ní, "Ẹ yé purọ́ fálejò. Ọ̀lẹ ni."

Wọ́n wá jẹ́wọ́. Ilé Làmídì ni ìtìjú ìlú. Nígbà tí Bàbá Súlè mú ìròyìn dé, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó fọ iwájú ilé rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Wọ́n tún padà lọ, ó ní òun ṣì ń bọ̀. Wọ́n wá gé ẹ̀ka igi dí ọ̀nà ilé rẹ̀, kí òyìnbó má baà rí i.

Mo sọ ọ́ fún Mísísì lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó nu ojú, ó gbé àpò rẹ̀.

Ilé Bàbá Làmídì

Ojú mi ti rí ìdọ̀tí láyé, ṣùgbọ́n ti ibẹ̀ lọ́lá. Olú hù nínú odó. Koríko hù lórí òrùlé, ewúrẹ́ kan sì wà lókè níbẹ̀ tó ń jẹ ẹ́. Ìyàwó ilé ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó ní ìgbà tí ọkọ òun bá dìde ni òun ó padà. Bàbá Làmídì, bí èmi ṣe ń pe Làmídì náà, dùbúlẹ̀ lórí ẹní lábẹ́ àtíbàbà. Ó rí wa, ó gbé orí díẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ má bínú, mò ń bọ̀ wá dìde."

Mísísì ti kọjá lára rẹ̀. Òkúta ńlá kan wà níwájú ilé, ó ga tó ìbàdí èèyàn. Látòkè délẹ̀, níwá lẹ́yìn, ó pọ́n fòò bí èso ìyeyè, àmì dúdú tótòtó wà lára rẹ̀. Mísísì pariwo kan. Ó di òkúta náà mú, ó ń lù ú jẹ́jẹ́, ó ń sọ ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́: "Ó dára! Ó dára púpọ̀!"

Bàbá Làmídì jókòó. Mo rí ojú rẹ̀. Bóyá láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ẹnikẹ́ni ò tíì wo nǹkan tó jẹ́ tirẹ̀ kó sọ pé ó dára.

Kí Mísísì tó yọ òòlù, òjò dé, òjò ńlá. Ó ní a ò lè ha á ní tútù, yóò bu nínú ìwé, pé kí a jẹ́ kí oòrùn òwúrọ̀ kọ́kọ́ gbẹ ẹ́. Mo sọ fún Bàbá Làmídì pé a ń bọ̀ láàárọ̀ nítorí òkúta rẹ̀. Bí a ṣe ń sá lọ sábẹ́ òrùlé Báálẹ̀, Mísísì bi mí bóyá ọkùnrin yẹn ò ní fọ̀ ọ́. Mo bi wọ́n. Ẹ̀rín pa Báálẹ̀ títí ó fi di ògiri mú.

"Làmídì? Kó fọ kí ni?"

Ọkàn wa balẹ̀, a jẹ iyán, a sùn.

Láàárọ̀, ariwo ayọ̀ ló jí wa. Àwọn èèyàn ń sáré kọjá, wọ́n ń pe ara wọn pé kí wọ́n wá wo nǹkan. Báálẹ̀ wọlé wá, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ẹ̀gbá, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́."

Mísísì ò dúró wọ bàtà. N ò mọ̀ pé òyìnbó àgbà lè sáré bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a dé ibẹ̀, gbogbo ìlú ti pé, wọ́n fi Bàbá Làmídì sáàárín, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo egúngún tuntun. Ó bọ́ aṣọ, ó di kànìnkànìn mú, òógùn bò ó. Òkúta ti funfun. Òkè rẹ̀ ń dán, iwájú rẹ̀ ń dán. Èmi alágbàfọ̀, mo kórìíra ọṣẹ lọ́jọ́ yẹn. Mísísì di apá mi mú, ó fún un pinpin.

Bàbá Làmídì rí wa, ó ju kànìnkànìn sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ káàárọ̀ o. Òkúta tí wọ́n yìn tó bẹ́ẹ̀, mo ní n ò ní jẹ́ kí wọ́n padà bá a nínú ìdọ̀tí." Ojú tì í, ó fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ìbàdí ń ro mí. N ò ráyè fọ ẹ̀yìn."

Mo sọ ọ́ fún Mísísì. Ó tú ọwọ́ lára mi, ó gba àárín èrò kọjá, ó yí sí ẹ̀yìn òkúta. Ibẹ̀ ló wà, ó gbòòrò bí àtẹ, oòrùn àárọ̀ ti gbẹ ẹ́, kò sí ẹ̀kán ọṣẹ lórí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó yọ òòlù, èmi ni mo bá a di àpò ìwé mú. Ó kọ Ìsundúnrin, nítòsí Ẹ̀jìgbò. Ó kọ òkúta iwájú ilé. Nígbà tó dé ibi orúkọ olóhun, ó kọ Làmídì gàdàgbà, ó sì kà á sókè kí gbogbo ìlú gbọ́.

Ó wá dìde, ó lọ bá a. Ó ní kí n sọ fún un pé òun dúpẹ́, pé òun dúpẹ́ tọkàntọkàn tí kò parí iṣẹ́ náà. Mo sọ ọ́ bó ṣe wí i.

Bàbá Làmídì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo gbogbo ará ìlú, ó padà jókòó sórí ẹní rẹ̀.

"Ẹ sọ fún wọn pé kò tọ́pẹ́," ó ní. "Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn."